Bẹ́ ẹ ṣe máa ní kí aṣòfin ìpínlẹ̀ yín kó owó pẹ́ńṣàn kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá apẹ̀yàrun dòwò pọ̀

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ sì ń ṣiṣẹ́ ìpínlẹ̀, tíṣà o, nọ́ọ̀sì o, wọ́dà o, awakọ̀ bọ́ọ̀sì o, ọ̀rọ̀ yín ni mo wá sọ. Owó tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù yín fún pẹ́ńṣàn ò jókòó síbì kan kó máa retí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti fi ra ṣíà kọ́ńpìnnì epo, ti báǹkì, ti àwọn tó ń ṣe ohun ìjà, káàkiri ayé, wọ́n sì tún fi yá ìjọba ilẹ̀ òkèèrè lówó nínú ẹ̀. Ọdún 11 ni mo ti fi ṣe nọ́ọ̀sì ní Maryland kí n tó bèèrè ibi tí tèmi wà.

Ohun tó jẹ́ kí n bèèrè ni El Fasher. Ìlú yẹn wà ní Darfur, ní Sùdáànì, àwọn RSF, ìyẹn ẹgbẹ́ ológun tó ń bá àwọn ọmọ ogun ìjọba jà, dó tì í láti 2024, oúnjẹ ò wọlé mọ́, débi pé àwọn èèyàn ń jẹ ohun tí wọ́n ń pè ní ambaz. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe kúlíkúlí á tètè mọ̀ ọ́n, ẹ̀pà tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún òróró ẹ̀ tán ni, ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ń fún jẹ lọ́dọ̀ wọn, òun làwọn ìyá wá ń pò fọ́mọ. Ní October 26, 2025, ìlú bọ́ sọ́wọ́ RSF. Ọjọ́ mélòó kan sí i, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ìròyìn tó tẹ àwọn lọ́wọ́ ni pé wọ́n ti pa aláìsàn àtàwọn tó tẹ̀ lé wọn wá, tó lé ní 460, nínú ọsibítù ìbímọ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà nígbà tí mo kà á. Bẹ́ẹ̀dì 24 ló wà ní wọ́ọ̀dù wa. Mo ń fọkàn ṣírò iye wọ́ọ̀dù bíi tiwa tó máa gba 460 èèyàn, n ò lè parí ẹ̀.

Mo bá kọ lẹ́tà sí aṣòfin mi, ojú ewé 3, ìyà tó ń jẹ wọn ló kún inú ẹ̀. Wọ́n pè mí o. Ọmọbìnrin kan tó ń bá aṣòfin náà ṣiṣẹ́ gbà mí tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó gbọ́ mi dópin, omi lé sójú òun náà, ó wá bi mí ní ìbéèrè 3. Fọ́ńdì wo, ìyẹn àpò tí wọ́n ń kó owó pẹ́ńṣàn sí, lowó náà wà? Kọ́ńpìnnì wo lẹ ní ká yọ ọ́ kúrò? Kí lẹ fẹ́ ká kọ sínú òfin? N ò ní èsì kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú 15 tí wọ́n fún mi pé, mo dìde, mo dúpẹ́, mo jókòó sínú mọ́tò fúngbà díẹ̀ kí n tó lè wakọ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sísàlẹ̀ yìí, èsì ìbéèrè 3 yẹn ni. Aṣòfin lè bá yín kẹ́dùn lórí àwọn òkú, àmọ́ orúkọ fọ́ńdì àti orúkọ kọ́ńpìnnì ló máa jẹ́ kó mú bírò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá orúkọ fọ́ńdì, kẹ́ ẹ sì wo inú ẹ̀

Ní Maryland, State Retirement and Pension System lorúkọ ẹ̀. Ní Texas, tíṣà wà ní TRS, àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ yòókù wà ní ERS. Ní California, CalSTRS ni tàwọn tíṣà, CalPERS ni tàwọn tó kù. Ẹ wo ìwé owó oṣù yín, orúkọ ẹ̀ máa wà níbi tí wọ́n kọ owó tí wọ́n yọ sí. Yàtọ̀ sí pẹ́ńṣàn, akápò ìpínlẹ̀ náà ní owó tó ń tọ́jú, ibẹ̀ sì ni bond ìjọba òkèèrè, ìyẹn ìwé owó tí wọ́n yá ìjọba ibòmíì, sábà máa ń wà, torí náà ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ bèèrè tiẹ̀.

Láti mọ ohun tí wọ́n rà, ẹ lọ sórí wẹ́ẹ̀bù SEC, ìyẹn àjọ tó ń mójú tó ọjà ṣíà, apá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ EDGAR. Ẹni tó bá ń bójú tó ṣíà tówó ẹ̀ tó 100 mílíọ̀nù dọ́là gbọ́dọ̀ kọ ohun tó ní síbẹ̀ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, lórí fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní 13F, láàárín ọjọ́ 45 lẹ́yìn tí oṣù mẹ́ta náà bá parí. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ orúkọ fọ́ńdì yín, ó lè jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló ń kọ ọ́. Àmọ́ ṣíà tí wọ́n ń tà lọ́jà Amẹ́ríkà nìkan lẹ máa rí níbẹ̀ o, èyí tí wọ́n rà ní Hong Kong tàbí Kuala Lumpur ò ní sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ gan-an ni àwọn kọ́ńpìnnì tá à ń wá sábà máa ń wà.

Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa kọ lẹ́tà. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló ní òfin tó fún aráàlú láyè láti bèèrè ìwé ìjọba. Illinois fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ 5 láti dáhùn, Maryland ò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 30. Lẹ́tà náà ò le rárá, ohun témi kọ lédè Òyìnbó kò ju èyí lọ: "Mo ń bèèrè, lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ yìí lórí ìwé ìjọba, àkójọ gbogbo ṣíà àti bond tí fọ́ńdì yìí ní lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù tó kọjá, pẹ̀lú orúkọ kọ́ńpìnnì, ìlú tó ti wá, iye ṣíà àti iye owó tó jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ lórí spreadsheet." Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ spreadsheet yẹn. Tẹ́ ò bá kọ ọ́, wọ́n lè fi ìwé tí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́, ojú ewé lórí ojú ewé, ojú yín á fọ́ kẹ́ ẹ tó rí orúkọ kan níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi okùn so kọ́ńpìnnì mọ́ ìpakúpa náà

Ibí yìí ló lágbára jù, torí pé tí okùn yẹn bá já níbì kan, kò sí aṣòfin tó máa dì í mú. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ṣe é nígbà ogun Darfur àkọ́kọ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Owó epo ni ìjọba Omar al-Bashir, ààrẹ Sùdáànì nígbà yẹn, fi ń ra ohun ìjà. Ta ló ń bá a wa epo? Iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Greater Nile ni: CNPC ti Ṣáínà ní ìpín 40 nínú 100, Petronas ti Malaysia ní 30, ONGC ti Íńdíà ní 25, iléeṣẹ́ ìjọba Sùdáànì ní 5 tó kù. CNPC yẹn ló ni PetroChina, tí wọ́n ń ta ṣíà ẹ̀ ní New York nígbà yẹn, tí pẹ́ńṣàn àwọn tíṣà Amẹ́ríkà sì rà. Ẹ rí i bí okùn yẹn ṣe lọ tààrà: owó tíṣà, ṣíà PetroChina, CNPC, epo, ìjọba, ọkọ̀ òfuurufú tó ń ju bọ́ǹbù sórí abúlé. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lè tún un sọ fún ẹlòmíì. Kí ONGC sì tó débẹ̀, ìpín 25 yẹn wà lọ́wọ́ Talisman ti Kánádà, àwọn tó ní ṣíà níbẹ̀ àtàwọn ṣọ́ọ̀ṣì ò jẹ́ kí wọ́n sinmi títí wọ́n fi tà á ní 2003.

Ogun ti ìsinsìnyí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní April 15, 2023, okùn tiẹ̀ ṣòro rí jùyẹn lọ. Góòlù ni RSF fi ń rówó, Dubai sì ni ọ̀pọ̀ góòlù Sùdáànì ń gbà jáde. Ní January 7, 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé ìpẹ̀yàrun ni ohun tí RSF àtàwọn tó ń tẹ̀ lé wọn ń ṣe, lọ́jọ́ yẹn náà ni wọ́n fòfin de kọ́ńpìnnì 7 tó wà ní UAE, orílẹ̀-èdè tí Dubai wà, pé ti RSF ni. Àwọn tí àjọ UN yàn láti wádìí sọ ní 2024 pé ẹ̀sùn pé ohun ìjà ń gba ọ̀dọ̀ UAE lọ sọ́wọ́ RSF ṣeé gbà gbọ́, UAE ní irọ́ ni, àwọn ò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé yín, ẹ̀sùn àti èsì, torí pé tẹ́ ẹ bá fi èsì pa mọ́, ẹlòmíì ló máa mú un jáde níwájú aṣòfin. Àwọn kọ́ńpìnnì 7 yẹn kì í ṣe irú èyí tí pẹ́ńṣàn máa ní ṣíà níbẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa wá nínú spreadsheet yín ni àwọn tó ń ra góòlù, àwọn tó ń yọ́ ọ, báǹkì tó ń gba owó ẹ̀, àti àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ogun tàbí dúróònù tí wọ́n ti rí lójú ogun náà. Tẹ́ ẹ bá rí orúkọ 3 tó dáa tó ní ẹ̀rí, ó sàn ju 60 tẹ́ ẹ dà kọ lórí Facebook lọ.

Ẹni tó bá jẹ́ pé Gaza ló wà lọ́kàn ẹ̀, ọ̀nà kan náà ni, àmọ́ òkè kan wà níwájú ẹ̀ tí kò sí níwájú ẹni tó ń sọ ti Sùdáànì. Lóòótọ́, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí UN gbé kalẹ̀ sọ ní September 2025 pé ìpẹ̀yàrun ni Ísírẹ́lì ń ṣe níbẹ̀, Ísírẹ́lì àti ìjọba Amẹ́ríkà ò gbà. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti ṣòfin lòdì sí ẹni tó bá kọ̀ láti bá Ísírẹ́lì dòwò pọ̀, Illinois ní 2015, Texas ní 2017. Ẹ kọ́kọ́ ka ti ìpínlẹ̀ yín, kẹ́ ẹ sì wá lọ́yà kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ sínú òfin

Illinois ló kọ́kọ́ ṣòfin lórí Darfur, ní 2005, sẹ́nétọ̀ Jacqueline Collins ló gbé e wá. Ọkàn rere ni wọ́n fi ṣe é, àmọ́ òfin náà fẹ̀ jù. Ó kó gbogbo ẹni tó bá ń ṣòwò ní Sùdáànì pọ̀, ó sì na ọwọ́ dé pẹ́ńṣàn ìlú kéékèèké tí kì í ṣe ti ìpínlẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò òkèèrè kan gbé ìpínlẹ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù, díẹ̀ lára àwọn pẹ́ńṣàn ìlú yẹn náà sì bá wọn lọ. Ní February 2007, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Chicago fagi lé òfin náà, ó ní ìpínlẹ̀ ti tọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ òkèèrè tó jẹ́ ti Washington. Iṣẹ́ ọdún méjì lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n tún òmíì ṣe, èyí tí wọ́n rọra gé níwọ̀n.

Irú èyí tó níwọ̀n yẹn ni California ti ṣe ní 2006, Texas náà ṣe tiẹ̀ ní 2007, ìpínlẹ̀ tó lé ní 20 ló sì ṣe é kó tó parí. Ní December 31, 2007, Ààrẹ Bush fọwọ́ sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó gba àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti kó owó kúrò ní Sùdáànì. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, torí ohun tẹ́ ẹ máa gbé lé aṣòfin lọ́wọ́ nìyí. Fọ́ńdì á kọ́kọ́ kó orúkọ àwọn kọ́ńpìnnì jọ, àwọn tó wà nínú epo, nínú ìwakùsà, nínú iná mànàmáná àti nínú ohun ìjà nìkan, kì í ṣe ẹni tó ń ta oògùn tàbí oúnjẹ. Lẹ́yìn náà á kọ lẹ́tà sí kọ́ńpìnnì kọ̀ọ̀kan pé ẹ jáwọ́, á fún un ní ọjọ́ 90. Tó bá jáwọ́, wọ́n á yọ orúkọ ẹ̀. Tí ò bá jáwọ́, wọ́n á ta ìdajì ṣíà tí wọ́n ní níbẹ̀ láàárín oṣù 9, wọ́n á ta gbogbo ẹ̀ tán láàárín oṣù 15. Tí títà yẹn bá fẹ́ jẹ́ kí fọ́ńdì pàdánù ju ìdajì dọ́là kan nínú 100 lọ, wọ́n lè dáwọ́ dúró. Ó tún ní ọjọ́ tó máa parí, bíi pé tí ìjọba àpapọ̀ bá ti kéde pé ìpakúpa ti dáwọ́ dúró. Èmi fẹ́ràn lẹ́tà ọjọ́ 90 yẹn ju gbogbo ẹ̀ lọ, torí pé ohun tá a fẹ́ ni kí owó kúrò lọ́wọ́ apààyàn, tí kọ́ńpìnnì bá kúrò fúnra ẹ̀, a ti rí ohun tá a wá. Rolls-Royce kéde ní 2007 pé òun ń kúrò ní Sùdáànì.

Ẹ má kàn da òfin 2007 kọ bó ṣe wà o. Amẹ́ríkà ti yọ Sùdáànì kúrò nínú ìwé àwọn ìlú tó ń ti apániláyà lẹ́yìn ní December 2020, ìjọba tí òfin yẹn dojú kọ nígbà yẹn kọ́ ló ń ṣe ti ìsinsìnyí, RSF ni. Ẹ ní kí òfin tuntun dárúkọ RSF àti ẹni tó bá ń pèsè ohun ìjà fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ aṣòfin yín, ẹ sì mọ àsìkò

Kì í ṣe aṣòfin tó gbajúmọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n lẹ máa lọ bá, tìpínlẹ̀ ni, ẹni tó ń ṣojú àdúgbò tẹ́ ẹ̀ ń gbé. Ẹ tẹ àdírẹ́sì ilé yín sórí wẹ́ẹ̀bù ilé aṣòfin, orúkọ wọn á jáde. Ní Maryland, ọjọ́ 90 péré ni wọ́n ń jókòó lọ́dún, láti Wednesday kejì nínú January, bẹ́ ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ yín dé ní March, ó ti pẹ́. Ní Texas ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń jókòó, irú bíi 2025 àti 2027, fún ọjọ́ 140. Torí náà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, July sí October, ni kẹ́ ẹ lọ rí wọn, nígbà tí wọ́n wà nílé tí wọ́n sì ní àyè. Ẹ tún wo ìgbìmọ̀ tó ń rí sí pẹ́ńṣàn, tí aṣòfin yín ò bá sí níbẹ̀, ẹ ní kó mú yín mọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Ẹ má dá lọ. Èèyàn 4 tó ń gbé ládùúgbò kan náà, tí pẹ́ńṣàn wọn wà nínú fọ́ńdì náà, wọ́n á gbọ́ ju èèyàn 40 tó wá láti ìpínlẹ̀ míì lọ. Ẹ wá ọmọ Sùdáànì kan tẹ̀ lé yín tó bá fẹ́, àmọ́ ẹ má fipá mú un sọ ohun tójú ẹ̀ rí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọjọ́ tẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀

Ìṣẹ́jú 2 ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn, ẹ sì lè jókòó fún wákàtí 5 kí wọ́n tó pè yín. Ẹ gbé omi dání, ẹ gbé ṣájà dání. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ kà á sókè nílé pẹ̀lú aago fóònù, tó bá ti kọjá 270 ọ̀rọ̀ lédè Òyìnbó, ó ti gùn jù. Ohùn yín kì í ṣe ẹ̀bi, bẹ́ ẹ ṣe ń sọ Òyìnbó nílé náà ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ níbẹ̀, ẹ ṣáà rọra sọ ọ́. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni orúkọ yín, àdúgbò yín, iṣẹ́ yín àti iye ọdún tẹ́ ẹ ti ń dáwó sínú fọ́ńdì náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kọ́ńpìnnì àti iye tí fọ́ńdì ní níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni nǹkan kan ṣoṣo nípa àwọn tí wọ́n ń pa, ẹyọ kan o, kó jẹ́ ohun tí ojú lè rí. Témi ni ambaz. Ẹ wá parí ẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà àbá òfin náà, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n dìbò bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹnì kan máa dìde pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ò kan ìpínlẹ̀. Ẹ má bínú sí i. Massachusetts kó owó pẹ́ńṣàn kúrò ní Gúúsù Áfíríkà ní 1983, California ṣe tiẹ̀ ní 1986, lọ́dún yẹn náà ni ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Washington fòfin de oríṣiríṣi òwò pẹ̀lú ìjọba apartheid, bí Ààrẹ Reagan tiẹ̀ kọ̀ ọ́. Àwa gan-an ò jókòó wò wọ́n. Ilé epo AP tẹ́ ẹ mọ̀ nílé yẹn, BP lorúkọ ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní 1979 ni ìjọba Nàìjíríà nígbà ayé Ọbásanjọ́ gba dúkìá BP mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí epo tó ń lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Ẹlòmíì á ní pẹ́ńṣàn máa pàdánù. Òun ni wọ́n torí ẹ̀ fi ìdajì dọ́là nínú 100 yẹn sínú òfin, ẹ kàn ka ìlà yẹn fún un.

Àwọn ohun kan tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún: ẹ má fi ímeèlì ibi iṣẹ́ yín kọ ọ́, ẹ má sì ṣe é lásìkò iṣẹ́. Ẹni tí ò tíì di ọmọ Amẹ́ríkà lè kọ lẹ́tà sí aṣòfin, àmọ́ bí nǹkan ṣe rí lásìkò yìí, kó bá lọ́yà ìwé ìgbélùú sọ̀rọ̀ kó tó lọ jókòó níwájú kámẹ́rà. Ẹni tí ò sì ní green card ò gbọ́dọ̀ dáwó fún ìbò ẹnikẹ́ni, òfin ìjọba àpapọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí lè sọ ohun tí wọ́n rò nípa òfin níwọ̀nba, àmọ́ kí wọ́n má sọ pé ẹ dìbò fún lágbájá.

Tí òfin bá kọjá

Kò tíì parí o. Ẹ ṣí kàlẹ́ńdà fóònù yín lọ́jọ́ tí gómìnà bá fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọjọ́ tí orúkọ àwọn kọ́ńpìnnì gbọ́dọ̀ jáde, ẹ kọ ọjọ́ 90 ti lẹ́tà, ẹ kọ oṣù 9 àti oṣù 15. Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá pé, ẹ tún fi lẹ́tà bíi ti ìgbésẹ̀ kìíní ránṣẹ́, kẹ́ ẹ gba spreadsheet tuntun, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wo bóyá iye ṣíà yẹn ti lọ sílẹ̀. Tí ò bá lọ sílẹ̀, ẹ padà sí ọ́fíìsì aṣòfin yín pẹ̀lú ìwé méjèèjì lọ́wọ́.